Ta Ni Ó Dá 256?

Ìwé William Bascom tí ó ń jẹ́ Ifa Divination, tí a tẹ̀ jáde ní 1969, wà nínú ilé púpọ̀ nínú wa. Ẹni tí kò tilẹ̀ kà á tán a máa tọ́ka sí 256 odù, a ní: "Ta ni ì bá dá irú iye yìí bí kò ṣe Elédùmarè?" Àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ ìṣirò nílé ìwé sì ń gbọ́ wa. Ìdí nìyẹn tí a fi tún ìwé náà kà.

Bascom ṣiṣẹ́. Ó lọ sí Ifẹ̀ ní 1937, ó jókòó ti àwọn babaláwo, ó sì kọ ẹsẹ Ifá sílẹ̀ ní èdè wa pẹ̀lú ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n àkọlé kékeré ìwé náà, tí ó pe Ifá ní ìbánisọ̀rọ̀ láàrin òrìṣà àti ènìyàn, ti dáhùn ìbéèrè kí a tó ṣí ojú ewé kìíní.

Ẹ jẹ́ kí a ka ọ̀pẹ̀lẹ̀ fúnra wa. Èso mẹ́jọ ni ó wà lára rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú sókè, ó sì lè dojú bolẹ̀. Èso kan, ọ̀nà 2. Méjì, ọ̀nà 4. Mẹ́ta, ọ̀nà 8. Yóò máa di ìlọ́po méjì títí yóò fi di 256. Bí ọmọ bá so ìdérí ìgò mẹ́jọ mọ́ okùn ní London, 256 náà ni yóò bá. A kò rò pé Elédùmarè pàápàá lè sọ ọ́ di 257. Ẹ má bínú sí wa.

Ẹ wo ẹẹ́rìndínlógún pẹ̀lú, tí àwọn èèyàn wa gbé dé Cuba àti Brazil, tí Bascom kọ̀wé lé lórí ní 1980. Bí owó ẹyọ bá ń ṣí bí ó ti ń dé, ọ̀nà 65,536 ni ó lè gbà balẹ̀. Mẹ́jọ yóò ṣí nínú 12,870. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún yóò ṣí nínú ẹyọ kan péré. Àkọsẹ̀bá ní ìlànà tirẹ̀, láìsí ọwọ́ tí ń ṣà á.

Babaláwo yóò ní Ifá ni ó yan èyí tí ó jáde. Ìṣirò kò lè já a nírọ́: iye ọ̀nà ni ó mọ̀, kò mọ ìdí tí odù kan fi jáde fún lágbájá lówùúrọ̀ òní. Ṣùgbọ́n kí a má fi 256 ṣe ẹlẹ́rìí Elédùmarè fún ọmọ. Ọjọ́ tí ó bá kà á fúnra rẹ̀, yóò rò pé gbogbo ohun tí a sọ nípa Ifá ni irọ́.

Ẹsẹ Ifá ni kò lè ṣèèṣì wà. Ẹnìkan ni ó ṣẹ̀dá ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn há a sórí, wọ́n kọ́ ọmọ wọn. Ibẹ̀ ni ìwé Bascom ti dùn jù, ibẹ̀ gan-an ni a sì máa ń fò.