Ohun tí Òkúta Ibojì Kò Wí: Kíka Ìtàn Ìdílé láti inú Itẹ́ Òkú, Ìwé Ìjọ àti Oríkì

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Ìran tí ó gba òwe yìí gbọ́ kò wá ẹ̀rí ìdílé rẹ̀ lọ sí ibòmíràn ju ẹnu àgbà lọ. Ṣùgbọ́n lóde òní, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń wá ìran wọn, àwọn tí ń gbé òkè òkun pàápàá, itẹ́ òkú àti ìwé ìtẹ̀bọmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré lọ wò. Ohun tí a gbẹ́ sára òkúta tàbí tí a kọ sínú ìwé ni wọ́n ń pè ní ẹ̀rí. Ohun tí ìyá àgbà bá sọ, àfi kí ìwé tó tì í lẹ́yìn kí wọ́n tó kà á sí.

Ìpínyà yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òkúta ibojì, ìwé ìjọ àti oríkì, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn gbé kalẹ̀ fún ète kan ni gbogbo wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí ó ṣe é, ẹni tí a ṣe é fún, àti ohun tí ó pa mọ́. Nítorí náà, ojú lámèyítọ́ ni ó yẹ kí a fi wò wọ́n, bí a ti ń wo iṣẹ́ ọnà èdè yòókù. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò rí bàbá ńlá rẹ̀ nínú ìwé yóò rò pé bàbá ńlá náà kò sí rí ni. Èkó àti Abẹ́òkúta ni a ó fi ṣe òdiwọ̀n níhìn-ín, nítorí pé níbẹ̀ ni oríṣi ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ara wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Itẹ́ Òkú: Ta ni ó wà níbẹ̀, ta ni kò sí níbẹ̀?

Kí ẹ̀sìn Kristẹni àti ìjọba amúnisìn tó dé, ilé ni Yorùbá ń sin àgbàlagbà sí. Inú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ ibojì sí, àwọn ọmọ yóò sì máa gbé orí ilẹ̀ tí bàbá wọn sùn sí. Kò sí òkúta, kò sí àkọlé. Ẹni tí ó mọ ibojì náà ni ẹni tí wọ́n fi hàn nígbà tí ó wà ní kékeré, òun náà ni yóò sì fi han ọmọ tirẹ̀. Nígbà tí Ẹfúnróyè Tinúubú kú ní Abẹ́òkúta ní 1887, àdúgbò tirẹ̀ ní Ojókòdó ni wọ́n sin ín sí. Olùwádìí tí ó bá ń wá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nínú itẹ́ òkú ìjọ yóò wá a tì.

Àwọn òkú kan wà tí kò tilẹ̀ dé inú ilé. Ẹni tí ṣọ̀npọ̀nná pa, àwòrò òrìṣà náà ni ó ń gbé e lọ sínú igbó. Adẹ́tẹ̀ àti abuké ní ètò ìsìnkú tiwọn. Àbíkú kì í ní ibojì tí ẹnikẹ́ni yóò máa tọ́jú. Gbogbo wọn ni ọmọ ẹnìkan, ẹ̀gbọ́n ẹnìkan tàbí àbúrò ẹnìkan, ṣùgbọ́n àṣà fúnra rẹ̀ ni ó mú àmì wọn kúrò lórí ilẹ̀.

Ìjọ Kristẹni àti ìjọba Èkó ni ó mú itẹ́ òkú gbogbogbòò wá, tí wọ́n sì gbógun ti sísin òkú sínú ilé. Nítorí náà, àwọn tí orúkọ wọn pọ̀ jù lára òkúta àtijọ́ ní Èkó ni àwọn tí ó sún mọ́ ìjọ àti ìjọba: Sàró tí wọ́n ti Freetown dé, Àgùdà tí wọ́n ti Brazil dé, àwọn olùkọ́, akọ̀wé àti oníṣòwò. Mùsùlùmí pọ̀ ní Èkó nígbà náà, ṣùgbọ́n sàréè Mùsùlùmí kì í sábà ní ọ̀ṣọ́ tàbí àkọlé gígùn. Bí ìdílé kan bá ní ọmọ ìjọ mẹ́ta àti ọmọ mọ́ṣáláṣí mẹ́ta, itẹ́ òkú lè sọ ìtàn ìlàjì ìdílé náà kí ó sì dàbí ẹni pé ó sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Òkúta pàápàá kì í ṣe ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé títí ayé. Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n sin ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀làjú àkọ́kọ́ sí, títí kan Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tí ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Lábẹ́ ìjọba ológun, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n wó o. Wọ́n gbé ohun tí ó kù nínú Crowther lọ sí Kàtídírà Krístì ní Marina, ibojì rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di òní. Kì í ṣe gbogbo òkú Ajẹ́lẹ̀ ni ó ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní ìjọ ńlá lẹ́yìn, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti fọ́nká, òkúta rẹ̀ lọ, orúkọ rẹ̀ sì bá a lọ. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Crowther, tí ó kú ní 1946, wà ní itẹ́ òkú Ìkòyí, ẹnikẹ́ni sì lè lọ wò ó. Ọlá àti agbára ni ó ń pinnu ibojì tí yóò pẹ́.

Ó tún yẹ kí a bi òkúta ní ẹni tí ó kọ ọ́. Òkú kọ́ ni ó kọ àkọlé rẹ̀. Àwọn ọmọ ni ó kọ ọ́, èyí tí ó lówó nínú wọn ni ó sì sábà máa ń sọ ohun tí a ó kọ. Oyè, iṣẹ́ àti ìwà rere ni wọ́n ń kà sílẹ̀. Ọdún ìbí tí a gbẹ́ síbẹ̀ lè jẹ́ ìṣirò lásán, nítorí pé ogun àti ìjọba ọba ni àwọn àgbà ìgbà náà fi ń ka ọjọ́ orí. Ẹni tí wọ́n bí ‘nígbà ogun Kírìjì’ lè jẹ́ ẹni tí wọ́n bí ní 1877 tàbí ní 1893. Nígbà tí ọmọ bá wá fẹ́ kọ ọdún kan ṣoṣo sára òkúta, yóò mú ọ̀kan.

Ìwé Ìjọ àti Orúkọ Tí Ó Bò Mọ́lẹ̀

Ìwé ìtẹ̀bọmi dára ju òkúta lọ ní ọ̀nà kan: ọwọ́ akọ̀wé ìjọ ni ó ti wá, kò sì yan olówó ju tálákà lọ. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń kọ orúkọ kan sílẹ̀ ni ó ń bo òmíràn mọ́lẹ̀. Àpẹẹrẹ kò jìnnà. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoógùn, tí òun àti ìyá rẹ̀ Àfàlà pínyà. Ní 1846 ni wọ́n tún rí ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ní 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni Hannah, nítorí pé Hannah ni ìyá Samuel nínú Bíbélì. Orúkọ náà dùn, ó sì bá ọ̀rọ̀ mu, ṣùgbọ́n ọmọ ni ó sọ ìyá lórúkọ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní Hannah nìkan lọ́wọ́ kò lè mọ ilé tí obìnrin náà ti wá. Bí ọmọ rẹ̀ kò bá jẹ́ ẹni ńlá tí ó kọ ìtàn ara rẹ̀, Àfàlà ì bá ti parẹ́.

Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Àgùdà. João Ẹ̀san da Rocha, tí Ilé Olómi ní òpópónà Kakawa sọ ìdílé rẹ̀ di olókìkí, ru orúkọ méjì pọ̀. Ẹ̀san ni ó so ó mọ́ ilé. Da Rocha wá láti òdìkejì òkun. Ọ̀pọ̀ nínú orúkọ ìdílé Àgùdà ni ó ti ọ̀dọ̀ olówó ẹrú ní Bahia wá. Ẹni tí ó bá ń fi orúkọ ìdílé lépa ìran níbẹ̀, ó lè jẹ́ ìran ẹlòmíràn ni yóò lé bá.

Àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú ní Freetown àti Havana náà nìyẹn. Orúkọ ènìyàn 91,491 ni iṣẹ́ ìwádìí African Origins kó jọ láti inú wọn, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n etí àjèjì ni ó gbọ́ àwọn orúkọ náà, ọwọ́ àjèjì ni ó sì kọ wọ́n, láìsí àmì ohùn. Ẹ̀yìn ìyẹn, Akú ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Sierra Leone, Nàgó ní Brazil, Lukumí ní Cuba. Orúkọ kan ṣoṣo yìí bo Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú gan-an ni ọmọ wọn ń wá.

Síbẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò rí nínú ìwé wọ̀nyí ohun tí akọ̀wé kò mọ̀ pé òun kọ. Babátúndé fi hàn pé bàbá àgbà kan ti kú kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Ìyábọ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìyá àgbà. Tòkunbọ̀ ń sọ ti ìbí òkè òkun. Abíódún ń tọ́ka sí àsìkò ọdún. Bí ìwé ìtẹ̀bọmi kò bá sọ nǹkan kan nípa ikú bàbá àgbà, orúkọ ọmọ lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: a lè sọ ọmọ ní Babátúndé nítorí arákùnrin bàbá àgbà. Kí a tún ṣọ́ra fún orúkọ ìdílé. Ní ìgbà náà, orúkọ bàbá gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń lò ní ìjọ tàbí ilé ẹ̀kọ́, orúkọ bàbá àgbà sì ni àwọn mìíràn ń lò, nítorí náà ọmọ bàbá kan náà lè ní orúkọ ìdílé méjì. Bẹ́ẹ̀ ni èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ìwé náà kò yà ọmọ ìyá kúrò lára ọbàkan, ìyàtọ̀ tí ogún pípín máa ń dá lé.

Oríkì àti Ilé Ẹjọ́

Adébóyè Babalọlá kó oríkì orílẹ̀ jọ sínú Àwọn Oríkì Orílẹ̀ ní 1967. Karin Barber sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1991 lórí oríkì àti àwọn obìnrin tí ń kì í ní Òkukù. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì fi hàn pé oríkì kì í ka ọdún, kì í sì í to ìṣẹ̀lẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Ó ń mú àná wá sínú òní ni. Ẹni tí ó bá ń wá ọjọ́ ìbí nínú oríkì ń wá omi nínú àpáta.

Ṣùgbọ́n ohun tí oríkì ní, òkúta kò ní in. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún tú ìlú púpọ̀ ká, àwọn ènìyàn sì di ará Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó. Oríkì orílẹ̀ ni ó rántí ibi tí wọ́n ti wá lẹ́yìn tí ilé ti di ahoro. Ohun mìíràn wà tí àwọn olùtẹ̀lé ìwé kò kíyèsí: àwọn obìnrin tí kò sí lára òkúta ni ó ń kì í. Ìyàwó ilé ni ó mọ oríkì ilé ọkọ, òun náà ni ó mú ti ilé bàbá rẹ̀ wá kọ́ àwọn ọmọ. Ìran ìyá tí ìwé ìjọ sọnù, ẹnu obìnrin ni a ti lè bá a.

Oríkì náà ń pa nǹkan mọ́. Ẹrú àti ìwọ̀fà tí ó di ara ilé, bí ìran méjì bá ti kọjá, oríkì ilé náà di tiwọn. Kò yẹ kí olùwádìí pe èyí ní irọ́. Ọ̀nà tí ilé fi sọ àlejò di ọmọ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìwé àti oríkì wé ara wọn lè tú àṣírí tí ìdílé kan ti fi ìtìjú àti ìfẹ́ pa mọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í parí sí inú ìwé. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn fi lè fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn àbáláyé ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Kojo àti Bonsie láti Gold Coast, wọ́n ti là á sílẹ̀ pé bí ìtàn àbáláyé ìhà méjì bá takora, kí adájọ́ má ṣe fi ìwà àwọn ẹlẹ́rìí nìkan ṣe ìdájọ́, kí ó fi ìtàn náà wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àìpẹ́ yìí kí ó lè mọ èyí tí ó ṣeé gbà gbọ́. Ìlànà yìí wúlò fún olùwádìí ìdílé ju ìgbàgbọ́ afọ́jú nínú ìwé lọ. Ó sì jẹ́ ìkìlọ̀: ibojì tí a yà ní fọ́tò lónìí, orúkọ tí a fi kún igi ìdílé, lè di ẹ̀rí ní kóòtù lọ́la, nínú ìjà ilẹ̀ tàbí ìjà oyè.

Àgbálọgbábọ̀

Ìwé náà máa ń kú. Samuel Johnson parí ìtàn Yorùbá tí ó kọ ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù ní ọwọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú ohun tí ó kù, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Òkúta ń wó, ìwé ń sọnù, àgbà ń kú. Èyí tí ó ń yára lọ jù ni kí a kọ́kọ́ lépa, àgbà sì ni.

Kí olùwádìí bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu àwọn tí ó wà láàyè: oríkì, orúkọ, àti ibi tí wọ́n sin ẹni tí kò ní òkúta. Lẹ́yìn náà ni kí ó gbé e dé ìwé ìjọ àti Ilé Àkọsílẹ̀ Orílẹ̀-Èdè ní Ìbàdàn, kí ó tó dé itẹ́ òkú. Níbi tí wọ́n bá ti takora, kí ó kọ ìtakora náà sílẹ̀, kí ó má ṣe fi ìwé pa ẹnu mọ́, kí ó má sì ṣe fi ẹnu pa ìwé rẹ́. Kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ìdílé ohun tí ó lè tẹ̀ jáde kí ó tó tẹ̀ ẹ́.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Fún ẹni tí ogun tàbí òkun ti yà kúrò nílé, orúkọ ni yóò kọ́kọ́ wò kí ó tó rí ilé. Bí ó bá kà á dáadáa, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ àti ẹni tí ó sọ ọ́, ó lè mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn.