Ìdáwà Ẹni Tó Ru Ẹpa

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwa dé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ojú rí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó wo ère Ẹpa tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà agbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara gbẹ́: Aréògún ará Òsí, tí ó kú ní 1954, àti Bámigbóyè ará Kájọlà ní Odò-Ọwá, tí ó kú ní 1975. Jagunjagun jókòó lórí ẹṣin láàárín. Onílù, ọdẹ àti abiyamọ yí i ká. Igi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí a lè yọ kúrò láìba ère náà jẹ́.

Ọ̀pọ̀ tó ń yin iṣẹ́ yìí dúró síbẹ̀. Wọ́n ní àjọṣe Yorùbá ni ère náà ń sọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ẹ wo ojú wọn. Ẹlẹ́ṣin ń wo ọ̀kánkán lókè orí àwọn èrò rẹ̀. Àwọn náà kọ ojú síta, olúkúlùkù sí ọ̀nà tirẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà mọ̀ pé ènìyàn lè wà láàárín ọgọ́rùn-ún kí ó sì dá wà.

Ẹni tí ó dá wà jùlọ kò tilẹ̀ sí lára ère. Abẹ́ rẹ̀ ló wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti orí bọ inú ìkòkò tí a gbẹ́ sí ìdí Ẹpa, igi tí gíga rẹ̀ lè ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní láti fò sórí òkìtì láìṣubú, nítorí bí ó bá ṣubú, gbogbo ìlú ni ẹ̀rù yóò bà. Ìlú ń kọrin, ìlù ń dún, òun nìkan ló wà nínú òkùnkùn. Ó daju pé ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ òmìnira, àmọ́ kò lè da ẹrù náà nù kí ó tó rí i. Ìgbà tí ó bá jó o tán ni wọn yóò sọ̀ ọ́.

Ní 2022, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá kan lórí Bámigbóyè. Àwọn kan lè sọ pé ère tí a gbé kúrò nílé ti di ẹlẹ́wọ̀n. Èmi kò yára gba ìyẹn. Fún ọdún pípẹ́, "Yorùbá" lásán ni wọ́n ń kọ sábẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà wà ní àhámọ́, àfihàn náà sì tú u sílẹ̀. Àwọn onílù àti abiyamọ ṣì yí ẹlẹ́ṣin ká bí wọ́n ti wà láti ilé.

Síbẹ̀, ẹnìkan kò sí níbẹ̀. Inú ìkòkò ṣófo. Ọ̀pá irin ló ru Ẹpa, ọrùn kò sì dun ọ̀pá irin rí.