Àwòrán Wo Ni Kámẹ́rà Yín Àtijọ́ Kò Rí Yà?

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Fọ́tò ìgbéyàwó ló ń yà jẹun ní Akúrẹ́ báyìí, kámẹ́rà full-frame tó ń lò sì ti dàgbà. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni kí n fi pààrọ̀ rẹ̀?" Ó kọ orúkọ kámẹ́rà mẹ́fà, ó sì kọ iye mẹgapíksẹ́lì ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo kà á tán, mo rí i pé kò sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù: àwòrán wo ni èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò rí yà fún un?

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Canon EOS 5D àkọ́kọ́, tó jáde ní 2005, ni èmi ṣì ń lò nínú ilé mi ní Oda níbí. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, full-frame ni pé sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, tóbi bákan náà pẹ̀lú fíìmù tí a ń lò láyé àtijọ́, mílímítà 36 sí 24. Mẹgapíksẹ́lì 12.8 ni tèmi ní. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń fi rẹ́rìn-ín, torí fóònù wọn ní 50. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ kan jẹ́ píksẹ́lì 4,368 sí 2,912. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní píksẹ́lì 300 sí íǹṣì kan, yóò fẹ̀ ju íǹṣì 14 lọ, yóò sì ga ju íǹṣì 9 lọ. Mélòó nínú àwòrán tí ẹ yà lọ́dún yìí lẹ tiẹ̀ tẹ̀ jáde, ká má tíì sọ pé ó tóbi tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi á rántí àpilẹ̀kọ tí Stephen Sprague kọ ní 1978 sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts, nípa bí àwọn Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò. Ó ṣàpèjúwe àwòrán àgbàlagbà wa: ó jókòó, ó kọjú síwájú gbọọrọ, ọwọ́ wà lórí orúnkún, gbogbo ara rẹ̀ hàn nínú aṣọ ńlá. Ó mú ọ̀rọ̀ jíjọra wọ inú àlàyé rẹ̀: kí àwòrán jọ ẹni náà, kó sì jọ ipò rẹ̀. Mi ò tíì rí àgbàlagbà kan tó gba fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ mi tó ní ihò ara òun kò hàn tó. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ojú àwọn níyì. Mẹgapíksẹ́lì kò ní ohun púpọ̀ láti ṣe sí ìyẹn.

Àmọ́ o, ẹni tó bá ní kámẹ́rà àtijọ́ tó fún gbogbo iṣẹ́, irọ́ ló ń pa. Lóru ọjọ́ kan, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan ní Oǹdó tó mọ orin Obìtun, ayẹyẹ tí wọ́n fi ń mú ọmọbìnrin bọ́ sí ipò obìnrin, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ju ijó rẹ̀ lọ lónìí. Kò síná. Àtùpà elépo ló wà níwájú rẹ̀. Ó ń kọrin, ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹnu rẹ̀ ti ń sọ ọ́. Mo gbé ISO dé 1600, mo ṣí lẹ́ńsì tán pátápátá, síbẹ̀ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú àáyá ni mo rí lò. Gbogbo ọwọ́ yẹn di èéfín. Nígbà tó yá, ìyá dákẹ́, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Tísà, ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ yìí ń bá mi gbè, mi ò sì ní kó gbè." Dígí inú kámẹ́rà ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ̀bi ẹni tó ṣe kámẹ́rà kọ́. Èmi ni mo gbé e lọ síbi tí agbára rẹ̀ kò dé.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni mo ń wá: ìmọ́lẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Mo gbé EOS 6D, tó jáde ní 2012, wò. Tòkunbọ̀ rẹ̀ kò wọ́n, lẹ́ńsì mi bá a mu, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n dígí ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n lè mú ariwo rẹ̀ rọlẹ̀. Wọn ò lè pa á lẹ́nu mọ́. EOS R6 ti 2020 kò ní dígí rárá, ó sì lè yàwòrán láìdún pinpin. Bí mo bá gbé ISO láti 1600 dé 12800, ìlọ́po mẹ́jọ nìyẹn: ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á di nǹkan bí ìdá ọgọ́fà, ọwọ́ ìyá á sì dúró. Àwọn tó ń tà á máa ń pariwo pé ó lè mú kí kámẹ́rà má gbọ̀n. Òótọ́ ni, àmọ́ ọwọ́ ẹni tó ń yà ni ìyẹn ń ràn lọ́wọ́. Kò lè dá ọwọ́ ẹni tó ń kọrin dúró.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Bátìrì 6D ń ya nǹkan bí 1,090 àwòrán. Ti R6 kò ju nǹkan bí 380 lọ téèyàn bá ń fojú wo ihò rẹ̀. Ní ibi tí iná wa ti ń ṣe ségesège, mo ní láti ra bátìrì mẹ́ta. Bó bá sì ń yà láìdún, àwọn gílóòbù kan lè fa ìlà sára àwòrán. Àtùpà elépo kò ní wàhálà yẹn. Òrùka-àsopọ̀ kan wà tó ń jẹ́ kí lẹ́ńsì mi àtijọ́ wọ̀ ọ́, nítorí náà lẹ́ńsì kankan kò ní di àpatì. R6 ni màá rà, tòkunbọ̀.

Ìwọ ọmọ mi tó ń ya ìgbéyàwó, má ṣe wò mí ṣe é. Ìwọ kò nílò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn onífújì. Ohun tó lè ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ ni kí káàdì kan kú pẹ̀lú gbogbo ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ nínú. 5D Mark III ti 2012 ní àyè káàdì méjì, ó ní ibi 61 tó lè fi mú ojú ẹni tó ń jó, gbogbo lẹ́ńsì rẹ á sì wọ̀ ọ́. Ra ìyẹn, kí o fi owó tó kù sínú lẹ́ńsì.

Ìyá Oǹdó ti lọ láti ọdún tó kọjá. Ohùn wọn wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ wọn ni mi ò rí mú. Àwọn ẹgbẹ́ wọn méjì ṣì wà láyé tí wọ́n mọ orin náà, mo sì ti ránṣẹ́ sí wọn pé mò ń bọ̀ lálẹ́.