Mímọ Píkọ́ọ̀pù Yàn

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó mọ píkọ́ọ̀pù yàn kì í fi bí ọkọ̀ ṣe ń dán ṣe. Ì báà jẹ́ Ford F-150 tàbí Ram 1500, ilẹ̀kùn awakọ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣí, á bẹ̀rẹ̀, á ka bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́bẹ̀. Àpapọ̀ ìwúwo èèyàn àti ẹrù tí ọkọ̀ náà lè gbé ló wà nínú rẹ̀.

Ká ní 1,500 pọ́n-ùn ni. Bàbá, ìyá àtọmọ mẹ́ta lè gba 700. Bí wọ́n bá wá so tírélà 6,000 pọ́n-ùn mọ́ ọn nídìí, ó kéré tán, 600 nínú ìwúwo tírélà náà yóò tẹ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ku 200: àpò sìmẹ́ǹtì Amẹ́ríkà, tó jẹ́ 94 pọ́n-ùn, méjì péré. Ìpolówó kì í sọ èyí fúnni!

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ńkọ́? Káfíńtà fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8, kí pákó pẹlẹbẹ lè sùn gbalaja. Ṣùgbọ́n bí irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ bá pàdé ilẹ̀kùn mẹ́rin, ọkọ̀ á gùn ju ibi ìgbọ́kọ̀sí ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ní tèmi, ẹsẹ̀ bàtà 6 ààbọ̀ ló dára jù: ẹ já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, á gba pákó náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ọwọ́, ẹ gbé ìjókòó ọmọ dání lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, kẹ́ ẹ dì í mọ́ àga ẹ̀yìn wò kẹ́ ẹ tó sanwó.