Àbùùbùtán Àti Àwòòwòtán

Ẹ̀yin akẹẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé, mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ rò. Ewì mẹ́ta ni wọ́n ti kà sí wa létí ní sáà yìí tí àbùùbùtán wà nínú wọn. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oòrùn ń wọ̀, ẹran náà fò sókè, akéwì dúró lórí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ̀ ta ni, ẹ jọ̀ọ́? Ta ló bá a sanwó rẹ̀? Gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n ti rí ọkọ̀ yẹn: inú fíìmù ni.

Ẹ jẹ́ ká wo fíìmù náà fúnra rẹ̀. The Blue Planet ni, BBC ló gbé e jáde ní 2001, David Attenborough ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó dára, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí bó ṣe fi àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù hàn wá níbẹ̀rẹ̀: ahọ́n rẹ̀ wúwo tó erin kan, ọkàn rẹ̀ tóbi tó mọ́tò. Ṣé ẹ rí i? Ó ti kun ẹran. Ahọ́n lọ́tọ̀, ọkàn lọ́tọ̀. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ ayàwòrán wọn, wọn ò rí ọ̀nà mìíràn sọ bó ṣe tóbi tó.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo làwọn baba wa fi ṣe é. À-bù-ì-bù-tán: à ń bù ú, à ń bù ú, kò tán. "Bù" kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkun rárá, ọ̀rọ̀ ìkòkò ni. A ń bu ọbẹ̀, a ń bu gàárì. (Gàárì Ìjẹ̀bú tí a ń gbé wá sí Àgọ́-Ìwòyè kì í ṣe àbùùbùtán o, kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdí àpò ti yọ.) Lójú tèmi, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí kò sí lórí ọkọ̀. Etí òkun ló wà, omi ti gbé ẹran náà jù sórí iyanrìn, gbogbo abúlé ti gbé ọ̀bẹ àti agbọ̀n dé, wọ́n bù ú títí, ó ṣì kù. Ìyanu wà nínú orúkọ yẹn, ìyanu ẹni tó fẹ́ jẹun ni.

Àwọn kan á ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ewì. Irọ́ ni. Ẹ ṣí ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, èyí tó jáde ní 1966. Ọdẹ tó ń pa erin náà ló ń kì í. Ó mọ ìrìn rẹ̀ nítorí pé ó ti tọ̀ ọ́ lẹ́yìn pẹ́. Ebi kò dí i lójú. Àwọn akéwì tiwa láàánú lójú, wọn ò kàn tíì wo nǹkan kan ni.

Kí ni wọn ì bá ti rí? Láti nǹkan bí oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá ọdún, àbùùbùtán abuké máa ń ti inú omi tútù Antarctica wá bímọ sí òkun apá ọ̀dọ̀ wa. Ní 2000, àwọn onímọ̀ rí wọn níwájú etíkun orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwọn èèyàn sì ti wọkọ̀ láti Kutọnu lọ wò wọ́n. Òkun Kutọnu náà ni òkun Òde-Omi ní Ogun Waterside; kò sí ọgbà láàárín wọn. Akọ wọn ń kọrin. Roger Payne àti Scott McVay kọ ọ́ ní 1971 pé orin náà ní ìlà tó ń padà wá létòlétò. Àwítúnwí rèé o, ohun tí wọ́n ń fi ìdánwò bi wá! Nínú ewì mẹ́ta, kò sẹ́ni tó gbọ́ orin.

Èyí tó tún dùn mí jù ni ti ìyá. Nígbà tó bá wà níbí, díẹ̀ ni ó ń jẹ tàbí kó má jẹ rárá. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń sọ di wàrà fún ọmọ. Àbùùbùtán ń gbààwẹ̀, ọmọ ń bù ú. Ewì odindi ló wà níbẹ̀ yẹn. Orúkọ náà tún ní ẹ̀rù nínú, nítorí ní ọ̀rúndún ogún, àwọn ọlọ́kọ̀ òyìnbó bù ú títí ó kù díẹ̀ kó tán lóòótọ́, kí àjọ àgbáyé tó pinnu ní 1982 pé kí wọ́n dáwọ́ pípa á fún títà dúró láti 1986.

Ẹni tó sì wà lórí ọkọ̀ gan-an kì í rí ohun tí fíìmù ń fi hàn wá. Ní Ọsirélíà, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn ju 100 mítà lọ. Èémí tó tú bí èéfín, ẹ̀yìn, ìrù, ó ti wọlé. Ìyókù wà lábẹ́ omi. Àwòòwòtán ni ẹni yẹn ń wò, n kò sì tíì rí i kí ẹnikẹ́ni lo ọ̀rọ̀ yẹn nínú ewì.

Ìwọ tó kọ ewì kẹta, ọ̀rẹ́ mi, tún un kọ. Fi oòrùn tó ń wọ̀ yẹn sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, wọ mọ́tò lọ sí Abigi, kí o wá ọkọ̀ ojú omi dé Òde-Omi, kí o sì béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja ohun tí wọ́n ń pè é.