Àlàfo Ríǹgì

Igolo ni ilẹ̀ Benin ti kángun sí Ìdí-Ìrókò. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ohun tí mo máa ń dúró wò jù ni èyí tí kọnkéré yóò bò mọ́lẹ̀: egungun òpó. Ọ̀pá irin mẹ́rin wà ní ìdùbúlẹ̀, ríǹgì onígun mẹ́rin sì ń wọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára irin ṣáájú. Pínsà gbá wáyà mú, ó lọ́ ọ, ó gé e, ó di orí àmì tó kàn. Ẹ wo ẹnu ríǹgì, níbi tí ìkọ́ méjèèjì ti pàdé: bí tàkọ́kọ́ bá wà ní igun kan, tèkejì á bọ́ sí igun mìíràn, kí òpó má baà ní ojú àìlera kan.

Ẹrù kì í sábà fọ́ ohun tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́; ńṣe ló ń tẹ̀ ẹ́. Fi ìka tẹ orí ẹyọ ọwọ̀ kan, wàá rí i. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland, kọ ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1744: bí òpó bá gùn ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ẹrù àtijọ́ ti tó láti tẹ̀ ẹ́. Káfíńtà tó ń fi igi gbé dẹ́kì dúró kò ka Euler, àmọ́ ó kan pákó mọ́ igi náà láàárín, níhà méjèèjì. Pákó yẹn kò gbé ẹrù kankan. Àyè àtitẹ̀ ló gbà lọ́wọ́ igi.

Iṣẹ́ kan náà ni ríǹgì ń ṣe fún irin òpó. Ìwé ìlànà ìkọ́lé BS 8110 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí Nàìjíríà gbà lò, ní kí àlàfo ríǹgì má ju ìlọ́po 12 nínípọn irin tó tínrín jù lọ. BAEL ti Faransé, tí wọ́n ń lò ní Benin, gbà dé ìlọ́po 15. Fún irin mìlímítà 12, ìyẹn jẹ́ 144 lọ́hùn-ún, 180 níbí. Ìbú ìka méjì ni ẹnubodè yìí! Lójú tèmi, èyí tó há jù ló dára.

Àmọ́ ibi tí irin ìsàlẹ̀ ti gorí irin òkè ni mo ti ń dá ọ̀gá mọ̀. Mẹ́rin ti di mẹ́jọ níbẹ̀, ẹrù sì ń kọjá láti ara ọ̀kan sí èkejì. BAEL ní kí ríǹgì ibẹ̀ má dín ní mẹ́ta. Ọ̀gá yìí fi márùn-ún sí i.