Ìsopọ̀ Fọ́ńṣọ̀n àti Agbo Ìwọlé: Àgbéyẹ̀wò Ohun tí Òǹkà Yorùbá Lè Kọ́ni

Ìfáárà

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ó ń gbaradì fún ìṣirò yunifásítì. Bí wọ́n bá so fọ́ńṣọ̀n méjì pọ̀, wọn a gé èsì rẹ̀ kúrú, wọn a sì máa wá agbo ìwọlé nínú èsì kúkúrú náà nìkan. Ohun tí ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún ni láti fi hàn pé òǹkà Yorùbá lè tan ìmọ́lẹ̀ sí àṣìṣe yìí, ṣùgbọ́n pé bí àwọn òǹkọ̀wé ṣe máa ń kọ òǹkà náà sílẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ hàn.

Fọ́ńṣọ̀n ni òfin tí ó ń fún iye kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbà ní èsì kan ṣoṣo. Gbogbo iye tí òfin náà gbà ni agbo ìwọlé rẹ̀. Nínú ìsopọ̀, èsì òfin kìíní ni òfin kejì yóò gbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ méjì láti Òkokomáíkò dé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, tàbí dé ìlú Ìbà, mọ ìtumọ̀ èyí. Ìyànà-Ìbà ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ kejì ti ń gbé èrò. Bí ọkọ̀ kìíní kò bá dúró níbẹ̀, kò sí ìrìn àsopọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ méjèèjì dára.

Àpẹẹrẹ láti inú ìṣirò

Kí g(x) = √x, kí f(x) sì jẹ́ x². Bí g bá ṣíwájú, f(g(x)) = x. Lójú ẹni tí ó ń wo èsì nìkan, kò sí iye tí x kò lè gbà. Ṣùgbọ́n −4 kò lè gba ọ̀dọ̀ g kọjá, nítorí náà kò lè dé ọ̀dọ̀ f láéláé. Láti 0 lọ sókè ni agbo ìwọlé ìsopọ̀ náà. Bí f bá ṣíwájú, ọ̀rọ̀ yí padà: −4 di 16, 16 sì di 4. Gbogbo iye gidi ni ìsopọ̀ kejì yìí gbà. Ètò títẹ̀léra, nígbà náà, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán.

Òǹkà Yorùbá

Mann ní 1887, Armstrong ní 1962 àti Zaslavsky ní 1973 wà lára àwọn tí ó kọ̀wé lórí òǹkà Yorùbá fún àwọn òǹkàwé àgbáyé. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ láti ṣàlàyé márùndínláàádọ́ta ni kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: 45 = (20 × 3) − 10 − 5. Ìṣirò náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n èsì kúkúrú ni. Kò sọ iye tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbà wọlé.

Bí ó bá jẹ́ pé 20n − 10 nìkan ni òfin náà, 2 ì bá fúnni ní 30, orúkọ rẹ̀ ì bá sì jẹ́ *àádọ́jì. Kò sí Yorùbá tí ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ni orúkọ rẹ̀. Àádọ́- kò gba ogójì. Láti orí ọgọ́ta ni ó ti bẹ̀rẹ̀, tí àádọ́ta fi jáde, títí dé ọgọ́sàn-án, tí àádọ́sàn-án fi jáde. Igba ní orúkọ tirẹ̀, nítorí náà igba ó dín mẹ́wàá ni 190. Agbo ìwọlé àádọ́- ni 60, 80, 100, 120, 140, 160 àti 180. Ti ìsopọ̀ náà ni 3 títí dé 9. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn wọ̀nyí nìkan ni ìlọ́po ogún wọn bọ́ sí inú ohun tí àádọ́- gbà. Ìlànà yìí kan náà ni ó de √x àti x².

Àríwísí

Ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra ní ibi méjì. Àkọ́kọ́, àṣà èdè ni ó fi ààlà fún àádọ́-, nígbà tí ó jẹ́ pé ìtumọ̀ ìgbésẹ̀ náà fúnra rẹ̀, láàrin àwọn iye gidi, ni ó fi ààlà fún √x. 40 − 10 kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni; orúkọ ni kò gba ọ̀nà yẹn. Èkejì, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni torí èyí sọ pé àwọn baba ńlá Yorùbá ti ní ìmọ̀ fọ́ńṣọ̀n ti òde òní. Òǹkà ni wọ́n ṣe. Olùkọ́ ni ó lè rí fọ́ńṣọ̀n nínú rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ètò tí Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà pé ibẹ̀ ni agbára èdè náà mọ ti ṣe àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ òkè yìí: ó wo ibi tí iṣẹ́ dé, kò wo ohun tí èdè náà lè gbà. Ìbéèrè méjì péré ni ìsopọ̀ fọ́ńṣọ̀n ń béèrè, Yorùbá sì gbé méjèèjì láìfi falẹ̀: kí ni ó kọ́kọ́ wọlé, ǹjẹ́ èyí tí ó tẹ̀lé e sì gba ohun tí ó jáde?